Ẹ̀gbọ́n, Ṣé 262 Lè Gbé Mi Wọlé?

Láti ìgbà tí èsì JAMB bá ti jáde ni fóònù wa kì í ti í sinmi mọ́. Ọmọ tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ọmọ àbúrò ìyá ẹni, ọmọ alájọgbé, kódà àwọn tí a kò mọ̀ rí tí wọ́n gba nọ́ńbà wa lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: "Ẹ̀gbọ́n, iye báyìí ni mo gbà, kọ́ọ̀sì báyìí ni mo fẹ́, ṣé wọ́n á fún mi?" Àwa mẹ́rin tí a ń gbé yàrá kan náà ní Ìbàdàn ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọdọọdún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń dáhùn. A kì í gba owó, àmọ́ a ti jẹ mọ́ínmọ́ín ọpẹ́ rí.

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀kan ni "Ọlọ́run á ṣe é." Èkejì ni "Ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀?" A kò bá ti àkọ́kọ́ jà, àwa náà gbàdúrà dáadáa nígbà tiwa. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dáhùn ohun tí ọmọ béèrè. Iye máàkì ló fi béèrè, iye máàkì ló yẹ ká fi dá a lóhùn.

Ọ̀ràn ọdún 2025 yìí sún mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí àbúrò ọ̀kan nínú wa ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ìgbà kẹta rẹ̀ rèé tó ń ṣe JAMB. Lákọ̀ọ́kọ́ ó gba 198, lẹ́ẹ̀kejì 231, lọ́tẹ̀ yìí 262. Ìmọ̀ ìṣègùn ní UI ló kọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá wọn, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ti sọ pé owó JAMB tí òun máa san kẹ́yìn nìyẹn. Bí kò bá wọlé, kó wá dúró ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wọn kò sọ nǹkan kan, àmọ́ alaalẹ́ ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, yóò béèrè bóyá a ti jẹun, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó pa á.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ọmọ òun kì í ṣe olódo. 262 nínú 400 ni bàbá rí, ó ní kò tiẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí JAMB kọ́kọ́ gbé èsì ọdún yìí jáde, kí wọ́n tó ní kí àwọn kan lọ tún un ṣe, èsì 1,955,069 ni wọ́n kà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú wọn tí kò tó 200. Àwọn tó gba 300 sókè kò pé 13,000. Tí a bá kó gbogbo ẹni tó gba 250 sókè jọ pọ̀, wọn kò pé 90,000. Ìyẹn ni pé bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ sórí ìlà, àwọn márùn-ún tó wà níwájú ni ọmọ yìí wà láàárín wọn. Bàbá ní kí a tún un sọ. A tún un sọ. Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò fi ní mú un?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn márùn-ún iwájú yẹn, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dojú kọ. Ẹni tó bá ní 262 tó fẹ́ ka Ìmọ̀ Èdè tàbí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ lè sùn dáadáa lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ Medicine, Law tàbí Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú 262 kan náà ní láti jí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan bá bi wá pé "ṣé 262 dára," àwa náà á bi í pé "níbo, fún kí ni?"

Bí UI ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Wọ́n á fi mẹ́jọ pín máàkì JAMB, wọ́n á fi méjì pín ti Post-UTME tí í ṣe 100, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. 262 tí a fi mẹ́jọ pín di 32.75. Ẹ jẹ́ ká fi 72 ṣe àpẹẹrẹ ibi tí ilẹ̀kùn Medicine lè dúró sí. Ọmọ wa ṣì nílò 39.25, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ gba 78.5 nínú Post-UTME. Ẹni tó gba 300, tirẹ̀ ti di 37.5, 69 péré ni yóò wá nínú Post-UTME. Ẹni tó gba 330 lè gba nǹkan bíi 62 kó sì máa fọn fèrè lọ sílé. Máàkì mẹ́jọ ní JAMB, máàkì méjì ní Post-UTME, ọ̀kan náà ni wọ́n. A máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ èyí sára ògiri, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń sunkún lórí máàkì JAMB tí kò ṣe é yí padà mọ́, tí wọn kò sì tíì ṣí ìwé fún ìdánwò tó kù níwájú, èyí tí máàkì kan rẹ̀ tó mẹ́rin ti JAMB.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ń ṣírò báyìí o. Ní OAU, JAMB ní 50, Post-UTME ní 40, ìwé ẹ̀rí girama sì ní 10. Ní UNILAG, bí a ṣe mọ̀ ọ́n, JAMB ní 50, Post-UTME 30, ìwé ẹ̀rí girama 20. A1 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, C6 jẹ́ 2, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n sì ń kà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ní A1 márùn-ún fi máàkì mẹ́wàá ju ẹni tó ní C6 márùn-ún lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò. Máàkì mẹ́wàá yẹn, 80 ni lójú JAMB! Ní UI, tí o bá ti ní kírẹ́díìtì tí wọ́n ń fẹ́, A1 rẹ àti C6 aládùúgbò rẹ kò yàtọ̀ síra. Ọmọ tó mọ WAEC rẹ̀ dáadáa tó wá lọ kọ orúkọ síbi tí wọn kò ti ní kà á fún un, ẹni tó ní owó tó sì ń tọrọ jẹ ni. Ó ṣeni láàánú pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi orúkọ sílẹ̀ tán ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Àbúrò wa ní A1 mẹ́ta àti B méjì. UI ló kọ.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún àwọn yunifásítì rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè mú àwọn tó mókè jù láìwo ibi tí wọ́n ti wá, kí 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, kí 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè tó. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń san owó ilé. Ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Kàbà tí wọ́n ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ìsọ̀rí kẹta ni wọ́n wà, torí Kwara àti Kogi wà nínú ìwé náà. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin gba ibẹ̀ wọlé, òun náà ló ń kọ́ àwa yòókù ní Statistics, nítorí náà a ò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn lórí ẹ̀ nínú yàrá yìí. Ti àbúrò wa, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ìsọ̀rí kejì lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé gbogbo ọmọ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Adó àti Ìjẹ̀bú tó fẹ́ Medicine ló tò síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nípa àwọn tó ní àwọn mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì: wọ́n ti pe bàbá. Ẹnì kan ní kó mú owó wá, òun á "bá wọn sọ̀rọ̀." A ní kí bàbá béèrè ìwé tí JAMB yóò fi gbé orúkọ ọmọ rẹ̀ sórí CAPS. Ọkùnrin náà kò pe padà mọ́. Ohun tó wúlò ju ìyẹn lọ ni kí ọmọ lọ wò ó bóyá èsì WAEC rẹ̀ ti wà lórí ojú òpó JAMB. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀ ló ti lọ gbé e sókè lọ́jọ́ kejì. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yín, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní máàkì pé pérépéré kó sì jókòó sílé torí èyí nìkan.

Àríyànjiyàn wá wọ àárín wa. Àwa méjì ní kó yí kọ́ọ̀sì padà sí Physiology, kó dúró sí UI. Àwọn méjì yòókù ní kó má yí i, pé ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́ta, kí ló fẹ́ fi sáré? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tó ní kó má yí i, a sì mọ̀ pé ohùn ìyá wọn ló wà létí rẹ̀. Kàkà ká máa jà, a ní kí ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé mẹ́ta, a fún un ní àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, a gba fóònù rẹ̀, a sì fi aago sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ ó gba 61. Lẹ́ẹ̀kejì 68. Lẹ́ẹ̀kẹta 70. Kẹ́mísírì ló ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè sọ ọ́. Ẹlòmíràn nínú wa ló jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ pé, "Àbúrò, o mọ̀wé. Àmọ́ 70 kò ní ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ó sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀." A tún sọ fún un pé kó má mú Physiology pẹ̀lú èrò pé òun á fò sí Medicine lẹ́yìn 100 level, àwọn tó ṣe é kò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ka Physiology, ṣé ó lè wọ aṣọ funfun?" Ẹ̀rín pa wá. A ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú láàbù.

Bàbá pè wá lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, kí lẹ sọ fún ọmọ mi?" A kí i, a ṣàlàyé. Ó béèrè iye ọdún, a ní mẹ́rin. Ó béèrè níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, a sọ òótọ́ fún un: ibi ìwádìí, ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ oògùn, ọ̀pọ̀ sì ń lọ gba oyè kejì, kò rọrùn tó ti dókítà. Ó ní òun ti gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi owó fọ́ọ̀mù àyípadà ránṣẹ́.

Ọmọ náà ṣì ń wá ní Sátidé, torí Physiology náà ní Post-UTME. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tó ti yí kọ́ọ̀sì tán, ó gba 74. Gbogbo wa pariwo. Ọ̀kan nínú wa yára ṣírò rẹ̀ lórí fóònù: 69.75. Ó fi fóònù pamọ́ kó tó sún mọ́ wa, àmọ́ nígbà tí a gba ìwé ìdáhùn rẹ̀ láti tò ó jọ, a rí i pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ iye náà sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi bírò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.