Ẹ Fún Èdè Yín Níṣẹ́ Ṣe

Bí òbí kan bá ń gbé ìlú tí wọn kì í ti í sọ èdè rẹ̀, tó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa sọ èdè náà, ìmọ̀ràn mi kò gùn: kó fún èdè náà níṣẹ́ ṣe. Orin nìkan kò tó. Kí ọmọ ka orúkọ ẹranko lára ògiri kò tó. Ní ilé tiwa ní Kánò, búrẹ́dì ni iṣẹ́ tí mo fún Yorùbá.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níléèwé, Hausa ni òun àti àwọn ọmọ àdúgbò fi ń ṣeré. Èmi àti bàbá rẹ̀ ń bá a sọ Yorùbá, ó sì ń gbọ́ ọ ní àgbọ́yé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn. Kò sí ẹni tí èyí dùn tó ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá pè, wọ́n á bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, èmi á wá dúró láàárín bí ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá wà níbẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́, bẹ́ẹ̀ àṣírí kéékèèké tó wà láàárín ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ wà lára ohun tó ń mú ìgbà èwe dùn.

Ìjọba kò lè bá mi yanjú èyí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ló bínú, inú èmi náà kò dùn. Àmọ́ ká tilẹ̀ ní ìlànà náà dúró, Hausa ni ì bá jẹ́ èdè àdúgbò ní Kánò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ilé nìkan ni iléèwé Yorùbá tí ọmọ mi ní.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí kì í fi ṣe àkàrà tàbí àmàlà, oúnjẹ tiwa. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé epo gbígbóná àti omi tó ń hó kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún márùn-ún ń nawọ́ sí. Fúláwà tí a pò kì í jó ni. Ìdí kejì ni pé búrẹ́dì ní ìdúró nínú. A ó pò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó dúró kó wú, a ó tún un tẹ̀, a ó tún dúró. Kò sì sí ohun tó dára láti fi dúró bí ọ̀rọ̀. Ìdí kẹta ni pé bó bá jẹ́ oúnjẹ ayé àtijọ́ nìkan ni èdè kan lè sọ, ọmọdé á gbà pé èdè àtijọ́ ni.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Fúláwà ife mẹ́rin, ìwúkàrà síbí kékeré méjì, ṣúgà síbí ńlá méjì, bọ́tà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò lè jó ìka. Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ náà, ìwúkàrà, sílẹ̀. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àkàrà ni wọ́n ń pe búrẹ́dì níbẹ̀, ohun tó sì ń mú un wú ni ìwúkàrà. Yíìsì ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ṣùgbọ́n ìwúkàrà sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ọmọ láìsí àlàyé. Nígbà tó béèrè ohun tó ń ṣe nínú abọ́, mo sọ fún un pé ohun abẹ̀mí ni, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà sì há sínú fúláwà tó ń fà. Yàtọ̀ sí ṣúgà àti fúláwà, n kò yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan láti sọ ọ́.

Ohùn ọ̀rọ̀ pàápàá di ohun tó ń fọwọ́ kàn. "Ó wù" ló kọ́kọ́ máa ń sọ. Màá ní, "Kí ló wù ọ́?" Á rẹ́rìn-ín, á nawọ́ sí abọ́. Ó ti wá mọ̀ báyìí pé "ó wú" jẹ́ ti abọ́, "ó wù mí" jẹ́ ti ọkàn. Ó mọ ohun tó le, ohun tó rọ̀, ohun tó ki, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó mọ̀ pé nígbà ooru oṣù Kẹrin, kì í pẹ́ wú. Bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń lọ́ra, ojú rẹ̀ á sì gbẹ bí a kò bá fi aṣọ tútù bò ó.

Òun náà ń kọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé àlìkámà ni wọ́n lọ̀ di fúláwà, ó pariwo pé, "Alkama!" Òótọ́ ni: ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti èdè Lárúbáwá ló ti wá. Fúláwà náà, fulawa ni Hausa ń pè é. Àwọn tó ń ṣe gurasa ládùúgbò, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ààrò alámọ̀, ti di ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ lójú rẹ̀. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń jẹ ti ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń bomi rin díẹ̀ lóko ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò níbí. Búrẹ́dì Èkó tí a fẹ́ràn pàápàá, ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbilẹ̀ láti nǹkan bí 1921. Ohun tí ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n ṣe ti di tiwa.

Ní Sátidé kan, ìyá mi pè nígbà tí abọ́ ṣì wà lórí tábìlì. Ọmọ gba fóònù.

"Màmá Àgbà, ẹ wò ó, ó ti wú!"

"Kí ló wú, ìyá mi?"

"Búrẹ́dì. Èmi ni mo pò ó."

"Ṣé o fi iyọ̀ sí i?"

"Mo fi sí i. Díẹ̀ ni."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ máa bọ̀ wá jẹ ẹ́."

Mo ń nu tábìlì, n kò dá sí i. Ẹni tó bá mọ Yorùbá á rí i pé "ẹ" ló lò, kì í ṣe "o". Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyẹn láti fún un. Ibi tó ti ń bẹ̀ mí pé "ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́" ló ti rí i.

Mi ò ní sọ pé búrẹ́dì ilé dín owó kù. Bí a bá ka gáàsì mọ́ ọn, kò dín nǹkan kan kù. Mi ò sì ní sọ pé ọmọ mi ti ń sọ Yorùbá bí omi. Bí ọ̀rọ̀ bá kan iléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì fi ń dáhùn. Àmọ́ ó ti ní ibi kan nínú ayé rẹ̀ tó jẹ́ pé Yorùbá ló yá a lẹ́nu jù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì, ní Akrá tàbí ní Àbújá, kò pọn dandan kó jẹ́ búrẹ́dì. Ó lè jẹ́ irun dídì tàbí gbígbin ewédú sínú ike. Ẹ mú iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ràn, tó gba ọwọ́ méjì, tó sì ní ìdúró nínú. Bó bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má tètè fi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un. Bó bá fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun gbé abọ́, yóò rí ọ̀rọ̀ náà.