Òkun Kì í Hó Ruru

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò ní kí á má wa òkun. Ètò ni wọ́n ní kí á ṣe. Òwe yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ ìdílé kan mu ní Ìsọlọ̀, àwọn tí wọ́n jókòó yí àtùpà ká ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń gbèrò ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi.

Kí àkùkọ tó kọ ni Bàbá Ìbejì ti máa ń jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti wà láàárín èrò ní Oṣòdì. Lóòótọ́, ìjọba kó àwọn òǹtajà kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀ ní ọdún 2009, wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńláńlá síbẹ̀ ní ọdún 2019. Síbẹ̀, ìrọ́kẹ̀kẹ̀ Oṣòdì kò tíì rọlẹ̀. Ọmọ Èkó ni àwọn Ìbejì, ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n ti mọ òkun. Ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ti gbọ́ nípa Tarkwa Bay, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró lórí pátákó, tí wọ́n ń gun ìgbì bí ẹni gun ẹṣin.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó ni etí òkun yìí wà. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn mọ sínú omi láti dáàbò bo ọ̀nà ọkọ̀ ni ó sọ ibẹ̀ di ibi ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé eré òyìnbó ni ìgbì gígun, kí ó rántí pé ní nǹkan bí ọdún 1834, arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó kan, James Edward Alexander, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Àkírà tí wọ́n fi àyà lé pátákó, tí ìgbì ń gbé wọn wá sí èbúté.

Àwọn Ìbejì ń rojọ́, bàbá wọn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá wọn kò fọhùn. Nígbà tí ó yá, ó ní:

“Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Òkun tí ẹ ń wí yìí, mo ti fún un ní ẹnìkan.”

Ilé pa lọ́lọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó bá ẹgbẹ́ lọ sí Bar Beach ní ọjọ́ ọdún kan, kí ibẹ̀ tó di ilẹ̀ Eko Atlantic. Bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wálé.

Ọkọ rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó fa ìwé àti kálàmù jáde. Wọn kò ní í lọ nígbà òjò, nítorí pé ìgbì a máa le láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án. Oṣù Kejìlá ni wọn yóò lọ. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn Ìbejì yóò ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò jìn. Wọn yóò wọ bọ́ọ̀sì ní Oṣòdì dé CMS, wọn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní òwúrọ̀, kí wọ́n lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí omi bá ń fa ènìyàn lọ sí ojú agbami, kí ó má bá a wọ̀jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ èbúté títí yóò fi bọ́. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé: ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, mẹ́ta.

“Ta ni yóò fi ọ̀nà omi náà hàn wọ́n?” ni ìyá bèèrè.

“Àwọn ọmọ ibẹ̀ ni.”

Ìdáhùn yìí kò rọrùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn, wọ́n sì wó ilé púpọ̀. Ibi tí ẹnìkan ń lọ sinmi, ilé ẹlòmíràn ni. Ìyá Ìbejì ronú sí i. Ó ní bí wọ́n bá lọ, ọmọ ibẹ̀ tí ó mọ ìrìn omi ni kí wọ́n san owó fún, kí wọ́n sì ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, kí wọ́n má di oúnjẹ lọ láti ilé.

Lẹ́yìn èyí, ó gba kálàmù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn Ìbejì rò pé ó fẹ́ fagi lé gbogbo rẹ̀ ni. Mẹ́ta nìkan ni ó fagi lé; ó kọ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Èmi náà ń lọ,” ni ó wí. “Etí omi ni n ó jókòó sí, n ó máa ka orí yín.”

Ẹni tí ó bá bẹ̀rù òkun kò gọ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ó ń kọ́ ni ní ètò. Bí ètò bá sì ti pé, ẹlẹ́rù pàápàá lè dé etí omi.