Ìgbà Laṣọ, Ìgbà Lẹ̀wù: Ohun Tí Bakitéríà Kọ́ Wa Nípa Èdè Ilé

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá dé ibi tí Yorùbá wa ti le jù, ẹ bi Mọ́mì tàbí Dádì, ẹ má kàn fò ó.

Ìbéèrè kan wà tí àwa òbí máa ń bi ara wa nígbàkúùgbà tí a bá pàdé níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí níbi ìkómọ: ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tó jẹ́ pé òyìnbó ló fi ń dáhùn, ṣé èdè náà ṣì wà nínú rẹ̀, àbí ó ti lọ? Nílé tiwa, inú ìwé bàólọ́jì tí àkọ́bí wa ń kà fún ìdánwò ni a ti rí nǹkan tó fara jọ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ bakitéríà kan ni, tí wọ́n ń pè ní E. coli. Ojú lásán kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe wá ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí ẹ̀yà mìíràn tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Bó ti kéré tó yẹn, ó ní jíìnì bíi 4,300. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ohun abẹ̀mí bá wáyé, tó ń sọ bí ara yóò ṣe ṣe àwọn purotéènì tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wò ó bí àpótí aṣọ. Àwa tí à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, a ní kóòtù òtútù, a ní bùbá àti ìró, a ní agbádá òde. Ta ló ń kó gbogbo rẹ̀ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù. Bakitéríà náà kì í lo gbogbo jíìnì rẹ̀ pọ̀, torí pé oúnjẹ àti agbára ni wọ́n fi ń ṣe purotéènì. Èyí tí ìgbà bá pè ló ń jí. Àwọn yòókù á máa sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ooru ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n 37 Sẹ́ńtígíréèdì, bí ara èèyàn ṣe gbóná mọ, ló tẹ́ E. coli lọ́rùn. Tí wọ́n bá ṣàdédé gbé e dé 42, àwọn purotéènì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú epo gbígbóná. Kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, á ti jí àwọn jíìnì tó ń ṣe purotéènì olùrànlọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń di àwọn tó ń tú mú, tí wọ́n ń ká wọn padà sípò bí ẹni ń ká aṣọ tó rún. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, àwọn mìíràn á gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Tó bá jẹ́ pé ebi ló dé, ètò mìíràn wà: á dín ìdàgbà kù, ara rẹ̀ á kéré sí i, á sì le koko láti fara da ìyà.

Ti oúnjẹ ló wá dùn mọ́ wa jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Paris, Jacques Monod fún bakitéríà ní ṣúgà oríṣi méjì pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ èyí tó rọrùn, ìyẹn glúkóòsì, títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Wọn ò dàgbà, wọn ò pọ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìkejì. Ní 1961, Monod àti François Jacob tẹ àlàyé rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ṣúgà inú wàrà tí wọ́n ń pè ní lactose: olùṣọ́ kan wà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà àwọn jíìnì tó ń mójú tó ṣúgà yìí. Tí lactose kò bá sí, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Tí lactose bá dé, olùṣọ́ á kúrò lọ́nà. Àwọn méjèèjì àti André Lwoff ló jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1965.

Ìdúró yẹn ni kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tó ń wòran á ní bakitéríà ti ya ọ̀lẹ. Irọ́ ni o! Irinṣẹ́ tuntun ló ń rọ.

A ti fojú ara wa rí irú rẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá àgbà wọn n'Íbàdàn ní ọlidé, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni àbíkẹ́yìn wa kò fi sọ Yorùbá. Ìyá àgbà á ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti yó?" Á kàn mi orí. Àwọn ará ilé ní òyìnbó ti gba èdè lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà kò bá a jà, kò sì bá a sọ òyìnbó, torí òun náà ò gbọ́ ọ. Ó ṣáà ń bá a sọ̀rọ̀ lọ ni. Lọ́jọ́ kọkànlá, ọmọ la ẹnu: "Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní ọmọ odó, mo fẹ́ bá yín gún iyán." Gbogbo ilé pariwo! Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló kọ́ ọ. Láti ìgbà tí à ń pọ̀n ọ́n ló ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí yóò pè é jáde ló kù.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Èdè kì í ṣe jíìnì. Wọn kì í bí Yorùbá mọ́ ẹnikẹ́ni, gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Àfiwé lásán ni. Àmọ́ àfiwé náà ní apá kejì, òun ló sì ń bà wá lẹ́rù.

Bakitéríà mìíràn wà, Mycobacterium leprae, tó ń fa ẹ̀tẹ̀. Àrùn náà ti ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ẹ má jẹ́ ká fi bú ẹnikẹ́ni. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ni bakitéríà yìí ń gbé láti ayébáyé. Ilé onílé ló ń bọ́ ọ, kò sí ohun púpọ̀ tó ń wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka jíìnì rẹ̀ tán ní 2001, wọ́n rí bíi 1,600 tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí bíi 1,100 tó ti kú. Àkọsílẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́, kò ṣeé kà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìbátan rẹ̀ tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ní bíi 4,000. Jíìnì tí a kò nílò láti ìran dé ìran, tí àṣìṣe bá wọ inú rẹ̀, kò sí ohun tó máa lé àṣìṣe náà jáde. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì rí bakitéríà náà gbìn sínú àwo ní yàrá ìwádìí. Kò lè dá gbé mọ́.

Ibi tí a ń lọ rè é: ohun tó sùn yàtọ̀ sí ohun tó kú. Ọmọ wa tó ń gbọ́ Yorùbá, tó ń fi òyìnbó dáhùn, oorun ni tirẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí òun náà máa bí, tí kò bá gbọ́ ọ rí, kí la fẹ́ jí?

A ò ní kí àwọn ọmọ má sọ òyìnbó. Kóòtù wọn ni, òtútù sì wà níta. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àyè kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí Yorùbá nìkan á jẹ́ oúnjẹ tó wà nílẹ̀. Tiwa ni oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sunday àti ìgbà tí a bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tí ọmọ bá dákẹ́, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì tètè yí sí òyìnbó. Ẹ fún un láyè, irinṣẹ́ ló ń rọ.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rè é: ẹ bi àgbà kan nílé, kí ó fún yín ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ mọ́ láti ìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ire o.