Aago Mẹ́fà Àárọ̀ ní Upper Sakponba

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, àmọ́ ariwo ti gba ojú ọ̀nà Upper Sakponba nílùú Bìní. Ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dé láti oko ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń já a sílẹ̀ ní odi kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin sì ti ń nawọ́ sí èyí tó wù wọ́n kó tó kanlẹ̀. "Kóyo, kóyo," ni wọ́n ń kí ara wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó yà fún un.

Ọ̀nà yìí ló gba Idogbo, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha, kọjá lọ sí apá Urhonigbe àti Abraka. Ilé ti gba ilẹ̀ ègé ládùúgbò yìí, oko ti sún jìnnà, síbẹ̀ aago oko ni wọ́n ṣì ń tẹ̀lé. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin làwọn Ẹdó náà ń kà bíi tiwa: Ẹkẹn, Orie, Aho, Okuo. Ẹkẹn ni ọjọ́ ìsinmi. Àwọn àgbà kì í ti ọkọ́ bọlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gàrí ló fà mí mọ́ra jù. Ìyá àgbàlagbà kan wa tirẹ̀ jọ gègèrè sínú abọ́ ńlá, ó pọ́n rúsúrúsú. Epo pupa tí wọ́n fi sí ègé kí wọ́n tó yan án ló fún un láwọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ègé náà pẹ́ nínú àpò bíi ti gàrí Ìjẹ̀bú, ìdí nìyí tí kì í fi í kan tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa l'Ékòó, gàrí Bẹ́ńdẹ́ẹ̀lì la ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ láti 1991 ni wọ́n ti pín Bẹ́ńdẹ́ẹ̀lì sí ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Delta. Oníbàárà kan bu díẹ̀, ó fi ìka méjì ra á, ó dà á sẹ́nu, ó rún un dáadáa kó tó bèèrè iye.

"Ìyá, ẹ dín in kù fún mi."

"Ọmọ mi, ṣé o rí ọ̀nà tó gbà dé?"

Òótọ́ ni ìyá sọ. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a máa gbé ọkọ̀ mì lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yẹ kó dé ní dúdú á pọ́n mọ́ inú ọkọ̀, awakọ̀ á sì bu owó lé owó. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n láàárín ìlú, àgbẹ̀ la máa ń dá lẹ́bi. Èyí dùn mí, torí àgbẹ̀ ti ṣe tirẹ̀.

Kí aago méje tó lù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán nílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti kọjú sí ọ̀nà oko padà. Àpò iyọ̀ ló kó, pẹ̀lú búrẹ́dì, kẹ́ẹ̀gì epo tó ṣófo, àti àwọn lébìrà tó gbé àdá lé itan. Awakọ̀ ń pariwo pé àyè ẹnì kan ló kù.