Ayé ń yí! Ní Fremont, ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi ń bo ohun tó ń dán lára ọkọ̀

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí bàbá fi ń yangàn lójú títì lónìí, ọmọ lè máa wá aṣọ tó máa fi bò ó mọ́lẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá ń ṣe iyè méjì, kó fọkàn rìnrìn àjò dé ìlú Fremont, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Níbẹ̀, èèyàn á fi owó gidi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń fi iná mànàmáná rìn. Á wà á lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, á na ìka sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán yinrin yí fèrèsé ká, á ní kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di dúdú. Irin ọ̀hún ò dípẹtà o. Kò tẹ̀, kò fọ́. Dídán tó ń dán yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ọ̀rọ̀ oge lásán kọ́ lèyí. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn náà sì wà níbẹ̀.

OJÚ Ọ̀NÀ FREMONT

Etí omi ńlá San Francisco Bay ni Fremont wà, lápá ìlà-oòrùn. Àlejò tó bá ti San Francisco wá lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní BART, kó jókòó jẹ́ẹ́ títí á fi dé ibùdókọ̀ Warm Springs, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017. Bó bá bọ́ sílẹ̀ tó wo apá ìlà-oòrùn, òkè Mission Peak ló máa rí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, koríko orí òkè náà á pọ́n bí awọ kìnnìún. Bí òjò ìgbà òtútù bá ti rọ̀, á tún tutù yọ̀yọ̀.

Bó bá wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ilé funfun rẹ̀gẹ̀jì kan ló máa kí i káàbọ̀. Wọ́n kọ TESLA gàdàgbà sí i lára. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná nìyẹn.

Ìlú kéékèèké márùn-ún ló para pọ̀ di Fremont lọ́dún 1956. Ọ̀kan nínú wọn ni Niles, níbi tí Charlie Chaplin, aláwàdà orí sinimá nì, ti ṣe díẹ̀ nínú sinimá ẹ̀ lọ́dún 1915. Lónìí, àwọn tó wá láti Íńdíà, Ṣáínà àti Afghanistan pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Ọkọ̀ oníná sì kún títì débi pé ará ibẹ̀ kì í yíjú wò ó mọ́.

ILÉ TÓ TI RÍ AYÉ

Ilé funfun yẹn kì í ṣe ọmọ àná. General Motors ló kọ́kọ́ ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀, láti ọdún 1962. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí bọ́ńpà ẹ̀ ò bá dán bíi dígí, ta ni yóò rà á? Kúróòmù ni wọ́n ń pe ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó rántí ayé Peugeot 504 lọ́dọ̀ tiwa náà mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ iṣẹ́ awakọ̀ á máa fi àkísà nu bọ́ńpà láràárọ̀ títí á fi rí eyín ara ẹ̀ nínú ẹ̀.

Lọ́dún 1982, General Motors ti ilẹ̀kùn pa. Lọ́dún 1984, òun àti Toyota dòwò pọ̀, wọ́n tún un ṣí, wọ́n sọ ọ́ ní NUMMI. Ìyẹn náà tún parí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2010. Corolla kan ló jáde kẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ bíi 4,700 sì di ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ti fi ogún ọdún de nọ́ọ̀tì kan náà mọ́ ibì kan náà, kí ló kù tó lè dè?

Ọdún 2010 yẹn náà ni Tesla ra ilé ọ̀hún ní mílíọ̀nù 42 dọ́là. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2017, wọ́n kó ọgbọ̀n ọkọ̀ Model 3 àkọ́kọ́ lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́ níbẹ̀. Orí Model 3 yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá dúdú ti wá gbilẹ̀.

TA LÓ NÍ KÍ DÍDÁN KÚRÒ?

Ṣé ẹ rí i, ojú ọkọ̀ elépo ni ilé kúróòmù gan-an. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé lọ fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kó ọ̀ṣọ́ sí. Ọkọ̀ oníná ò ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n dí iwájú Model 3 pa, ó ń dán bọ̀rọ́. Dídán tó kù ò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ etí fèrèsé lọ, àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti àmì T iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á, ńṣe ló dà bí ẹni wọ ṣòkòtò jíńsì tó tún wá wé gèlè lé e.

Kí ló dé tí wọn ò fọ́n ọ̀dà sí i? Ọ̀dà kì í fẹ́ dúró dáadáa lórí ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá ha á, bí wọ́n bá sì ti ha á, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ọ̀rá ní tiẹ̀ ṣeé bó. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fẹ́ tà á, tí ẹni tó fẹ́ rà á ní dídán lòun fẹ́, wọ́n á fi ooru rọ ọ̀rá náà, wọ́n á bó o jẹ́jẹ́, dídán á tún yọjú. Àwọn onítakisí ilẹ̀ Jámánì ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọ̀rá bo ọkọ̀ kó lè ní àwọ̀ takisí, kí wọ́n lè bó o kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á.

BÍ ỌWỌ́ ṢE Ń ṢE É

Àwọn tó ń lẹ sítíkà mọ́ ara dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ irú ọ̀rá yìí. Vinyl lorúkọ ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Wọ́n máa ń yọ́ ọ̀kan, wọ́n á dà á kó tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì dì bí ẹ̀kọ ṣe ń dì. Èkejì, rólà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, bí oníbúrẹ́dì ṣe ń tẹ ìyẹ̀fun. Owó èkejì yìí ò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ilé. Bí oòrùn bá ti ń pa á, á fẹ́ súnkì padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, etí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í gbé e dé ibi tó bá tẹ̀ kọrọdọ. Èyí tí wọ́n dà ló máa ń lò.

Omi àti ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fọ irin náà. Wọ́n á wá fi sípíríìtì nù ún, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá èèyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, kí epo àti ìdọ̀tí má baà ṣẹ́ kù. Ọ̀gá á gé ọ̀rá tó fẹ̀ ju irin lọ díẹ̀, á bó ìwé ẹ̀yìn ẹ̀, á gbé e lé irin láìfà á. Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bo ẹnu ẹ̀ ló fi ń ti afẹ́fẹ́ jáde, láti àárín lọ sí etí. Níbi tó bá ti tẹ̀, á gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ó jọ èyí tí onídìrí fi ń gbẹ irun, ṣùgbọ́n ó gbóná jù ú lọ púpọ̀. Ọ̀rá á rọ̀, ọ̀gá á wá rọra ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà fèrèsé, kí ojú má rí ibi tó parí sí.

Etí ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí wà. Bí bíléèdì bá wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, á ha ọ̀dà tàbí kó gé rọ́bà. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lo téèpù kan tí òwú tín-ín-rín wà nínú ẹ̀. Wọ́n á lẹ téèpù náà mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gé, wọ́n á lẹ ọ̀rá lé e, wọ́n á wá fa òwú yẹn. Òwú á gé ọ̀rá láìfọwọ́ kan ara ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́yin sísè ṣe ń fi òwú pín ẹyin sí méjì.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló tún le jù. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ti ọwọ́ ilẹ̀kùn Model 3 kó tó yọ síta, nítorí náà èékánná èèyàn á máa ha etí ọ̀rá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ náà tún ní kámẹ́rà káàkiri ara. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ọ̀rá bo ojú kámẹ́rà, ó ti fọ́ ọkọ̀ lójú nìyẹn.

Ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là ni oníbàárà ń san. Àwọn kan ń ra ọ̀rá tí ẹ̀rọ ti gé sílẹ̀, wọ́n á fi ọjọ́ Sátidé lẹ̀ ẹ́ fúnra wọn nínú gáráàjì. Nínú wọn, ẹni tí etí ọ̀rá ẹ̀ bá ṣí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á tún padà wá bá ọ̀gá, á san owó bíbó kún owó lílẹ̀. Ẹ̀yin téèlọ̀, ṣé ẹ ò mọ irú oníbàárà yẹn?

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN DÍDÁN

Àwọn kan máa ń bínú pé ẹ̀tàn ni, pé wọ́n ń fi ọ̀rá bo irin gidi. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọ̀rá ọ̀hún nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Kúróòmù ọ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà! Nickel tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀wù ni kúróòmù náà, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni.

Àwọn kan sì ti fi ẹ̀mí san owó ẹ̀wù náà. Láti fi kúróòmù bo nǹkan, wọ́n máa ń rì í sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á ki iná mànàmáná bọ̀ ọ́. Irú èyí tí wọ́n ń lò jù látijọ́ ni chromium-6. Bí iná bá ti ń ṣiṣẹ́, omi náà á máa yọ ìfófòó, ìkùukùu wẹ́wẹ́ á máa gòkè. Ẹni tó bá ń fà á símú fún ọdún pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ará California kì í gbọ́ orúkọ chromium-6 kára ẹ̀ má bù máṣọ. Kì í ṣe ilé kúróòmù nìkan ló ń lò ó. Ní Hinkley, ní aṣálẹ̀ Mojave, ilé iṣẹ́ gáàsì kan lò ó kí irin má baà dípẹtà, ó sì da omi ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1952 sí 1966, ló bá wọnú omi kànga. Erin Brockovich, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà láìjẹ́ lọ́yà, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Lọ́dún 1996, mílíọ̀nù 333 dọ́là ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ ní California fọwọ́ sí òfin kan pé kí àwọn tó ń fi kúróòmù ṣe ọ̀ṣọ́ máa fi chromium-6 sílẹ̀ láti ọdún 2027. Chromium-3, tí ewu ẹ̀ kéré sí i, ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò. Àwọn oníṣẹ́ náà fárígá. Wọ́n ní àwọ̀ ẹ̀ ò rí bákan náà, pé oníbàárà máa sá. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi tán, oúnjẹ ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró náà, tiwọn ni.

Ká sọ òtítọ́, ọ̀rá dúdú ò pa kẹ́míkà run. Kúróòmù tí wọ́n ti fi bo nǹkan, wọ́n ti fi bò ó. Ọ̀rá náà fúnra ẹ̀ kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀ bí wọ́n bá bó o dànù.

ỌJỌ́ TÍ ILÉ IṢẸ́ GBA IṢẸ́ LỌ́WỌ́ ONÍṢẸ́

Ibi tó kan ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ̀ngbọ̀n rèé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Model Y bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ oníbàárà. Dúdú ni etí fèrèsé ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, Model 3 pàápàá yí padà. Dúdú ni wọ́n ń ṣe etí fèrèsé àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ láti ìgbà náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń san kọ́bọ̀ fún ọ̀rá.

Àwọn ilé iṣẹ́ gbọ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, wọ́n sì ṣe é. Ẹni tó bá jẹ́ pé etí fèrèsé Model 3 nìkan ló mọ̀ ọ́n bò, ọkọ̀ ọdún 2017 sí 2020 nìkan ló kù tó lè máa retí, ìyẹn ò sì lè pọ̀ sí i mọ́ láéláé. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ ọ̀rá, tó mọ ooru, tó mọ etí, iṣẹ́ ò tíì tán fún un. Ó lè bo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó lè lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara tí kì í jẹ́ kí òkúta ha ọ̀dà. Ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó ṣì ń dán náà wà níbẹ̀.

Inú ilé funfun kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Láyé General Motors, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń de bọ́ńpà tó ń dán mọ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá ń de etí fèrèsé dúdú. Bí àṣà bá tún yí lọ́la, tí dídán tún padà dé, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin panẹ́bítà àti ẹ̀yin tó ń fọ́n ọ̀dà, iṣẹ́ wo ni àṣà ti gbà lọ́wọ́ yín rí, kí lẹ sì fi dípò ẹ̀? Ojú ewé lẹ́tà ń retí yín. Ẹ kọ ọ́ wá, kí ẹlòmíràn rí i kọ́gbọ́n.