Amí, Sójà àti Olórin: Ohun Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Nídìí Fíìmù

Ẹni tó bá dúró ní Fájúyì l'Ádó-Èkìtì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ á gbọ́ orúkọ ọ̀gágun tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ títí etí rẹ̀ á fi kún. "Fájúyì kan! Fájúyì wọlé, ẹ mú ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ o!" Ọmọ Adó tó mọ ìtàn rẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966 ló máa ń sọ, ọjọ́ tí wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ Kóńgò kì í sábà jáde lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ Adékúnlé Fájúyì wà lára àwọn sójà Nàìjíríà tó lọ síbẹ̀ lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mejọ̀ ni nígbà yẹn, òun ló ń darí kọ́ńpìnì C ti bàtálíọ̀nù kẹrin. Wọ́n ba dè wọ́n ní àríwá Katanga, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ yọ, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross ní 1961. Ironsi náà dé Kóńgò. Nígbà tó di 1964, òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun àjọ náà níbẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú torí pé nínú gbogbo fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tí mo ti wò nípa amí àti olórin, Kóńgò ni èyí tó dùn jù nínú wọn ti ṣẹ̀.

*

Johan Grimonprez, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe Soundtrack to a Coup d'Etat ní 2024. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ìlù Max Roach, fèrè Dizzy Gillespie àti ohùn Nina Simone ló ń ti ìtàn náà síwájú, bí àwòrán ìpàdé àwọn olórí ayé ṣe ń já wọlé láàárín orin.

Ní oṣù Kẹwàá 1960, Amẹ́ríkà rán Louis Armstrong wá kọrin ní Áfíríkà. Ó dé Léopoldville, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n ń gbé e kiri bí ọba. Nílùú yẹn kan náà, lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Patrice Lumumba tí wọ́n ti yọ lórí oyè olórí ìjọba wà ní àhámọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ariwo kàkàkí bo ohun tí àwọn amí ń ṣe lábẹ́lẹ̀, ẹni tó ń fọn kàkàkí kò sì mọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1961 ni wọ́n pa Lumumba ní Katanga. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, Abbey Lincoln, Max Roach àti àwọn ènìyàn wọn wọ gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ Ààbò ní New York, wọ́n sì figbe bọnu títí tí ìpàdé fi dàrú.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí fíìmù náà: ọ̀rọ̀ kíkọ tó wà lójú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì tín-ín-rín. Ẹni tó bá ń fi fóònù wò ó l'Ádó, tí iná ti lọ, tí bátìrì ń lọ sílẹ̀, kò ní lè ka ìdajì rẹ̀. Ẹ wá kọ̀ǹpútà kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀.

*

Owó CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, kò mọ sí Kóńgò. Ní oṣù Kejìlá 1961, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ AMSAC kó àwọn olórin àti òǹkọ̀wé dúdú láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó: Nina Simone, Lionel Hampton, Randy Weston, Langston Hughes. Ọdún 1967 ni àṣírí tú pé láti ọ̀dọ̀ CIA ni owó ẹgbẹ́ náà ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹgbẹ́ Mbari n'Íbàdàn, tí Ulli Beier, Ṣóyínká, Achebe, Okigbo àti Clark wà nínú rẹ̀, gba owó lọ́wọ́ Congress for Cultural Freedom. CIA ló wà lẹ́yìn èyí náà.

Ṣé eré Jero tí Ṣóyínká kọ wá di eré Amẹ́ríkà torí pé Mbari ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé Three Plays ní 1963? Rárá o. Ẹni tó gbowó láìmọ ibi tó ti wá kò jẹ̀bi lójú mi. Àwọn tó mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ ni kí wọ́n wá wí tẹnu wọn.

*

Alex Gibney nìkan kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Òun ló ṣe Finding Fela ní 2014, òun ló ṣe Zero Days lórí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ba ẹ̀rọ Iran jẹ́, òun náà ló sì ṣe Taxi to the Dark Side ní 2007, tó gba Oscar.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Awakọ̀ takisí kan ní Afghanistan, Dilawar, ọmọ ọdún méjìlélógún, gbé èrò, ó ń lọ sílé. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní ó mọ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn sí bárékè àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì fà á lé sójà lọ́wọ́ ní Bagram. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òkè, wọ́n ń fi orúnkún gbá a ní itan títí ẹran ibẹ̀ fi kú. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2002. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fura pé ẹni tó mú un wá gan-an ló wà nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ohun tó tú àṣírí ni ìwé ẹ̀rí ikú. Àwọn sójà fún ẹbí rẹ̀ ní ìwé náà pẹ̀lú òkú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹbí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ká a pa mọ́ sílé. Ìgbà tí Carlotta Gall, akọ̀ròyìn New York Times, dé ọ̀dọ̀ wọn, ló kà á pé dókítà ológun ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé wọ́n pa á ni. Ẹnu àwọn ọ̀gá sọ pé àìsàn. Ìwé ọwọ́ wọn sọ òmíràn.

Finding Fela kò tó o. Gibney jókòó sí ìdí eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe nípa Fẹlá ní Broadway ju bó ṣe yẹ lọ, a sì ń rí ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí Fẹlá nígbà tí Fẹlá fúnra rẹ̀ wà nínú àwòrán àtijọ́ tó ń dúró. Music Is the Weapon, tí àwọn ará Faransé ṣe l'Ékòó ní 1982, kò gùn tó wákàtí kan, ó sì jù ú lọ. Fẹlá jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń gbà á, ó tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá èyí tí olóògbé Bíyì Bándélé ṣe fún BBC ní 2020. Ọmọ Yorùbá ló ń sọ̀tàn ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

*

Fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ara rẹ̀, The Black President, jóná mọ́ Kalakuta. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977 ni, nígbà tí àwọn sójà ya bo ilé náà, tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Màmá kú ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é.

*

Ginger Baker, onílù Cream, wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Tony Palmer sì ń gba àwòrán rẹ̀ bọ̀ lọ́nà. Fíìmù náà ni Ginger Baker in Africa. Ní 1973 ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC n'Íkẹjà. Paul McCartney náà wá gba orin sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún yẹn. Àwọn olè fi ọ̀bẹ gba téèpù orin rẹ̀ lójú pópó, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé orin wa ló wá jí kó. Beware of Mr. Baker (2012) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí bàbá náà ṣe fi ọ̀pá irin la imú olùdarí fíìmù.

*

John Lennon dá àmì ẹ̀yẹ MBE padà fún ọbabìnrin ní oṣù Kọkànlá 1969, ọ̀kan lára ìdí tó kọ síbẹ̀ sì ni ọwọ́ tí Ìlú Ọba ní nínú ogun Nàìjíríà àti Biafra. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń kọrin tako ogun Vietnam, ìjọba Nixon fẹ́ lé e, FBI sì ń ṣọ́ ọ. The U.S. vs. John Lennon (2006) ló sọ ọ́. Fíìmù náà yin Lennon ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáìlì rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Jon Wiener, olùkọ́ ìtàn kan ní California, pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 1983 pé kí wọ́n kó fáìlì náà jáde. Ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1997. Ìwé mẹ́wàá tó kẹ́yìn, wọ́n ní yóò dá wàhálà sílẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n jáde ní oṣù Kejìlá 2006. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ nípa Lennon ló wà níbẹ̀.

Nàìjíríà ní òfin òmìnira ìròyìn láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2011. Èkìtì ṣe tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Òfin náà yọ ọ̀rọ̀ ààbò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí Fẹlá, ta ni ó tún lè ṣe ní jàǹbá lónìí?

*

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù amí tó dùn, ọ̀rọ̀ Umaru Dikko rèé. Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1984, wọ́n gbé mínísítà àná yìí níwájú ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀sán gangan. Akọ̀wé rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé, ó pe ọlọ́pàá. Ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways ti ń dúró de àpótí pákó méjì ní Stansted. Charles Morrow tó jẹ́ aṣọ́bodè béèrè ìwé wọn. Ẹrù ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní èdìdì àti ìwé tó yẹ kó bá a rìn, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ tú u. Àpótí wọ̀nyí kò ní in. Wọ́n ṣí ọ̀kan: Dikko ti sùn lọ fọnfọn, rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀ kó lè máa mí, dókítà ọmọ Ísírẹ́lì kan sì jókòó tì í nínú àpótí pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin méjì mìíràn wà nínú èkejì. Ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Buhari ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn mẹ́rin lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìjọba Buhari yìí kan náà mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Èkó nítorí owó òkèèrè, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ní 1986 ni wọ́n tú u sílẹ̀, ọdún náà ni Babangida pín àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NSO sí mẹ́ta, ọdún náà ni bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Délé Gíwá.

*

Cold Case Hammarskjöld (2019) dá lórí ọkọ̀ òfurufú akọ̀wé àgbà Àjọ Àgbáyé tó já lẹ́bàá Ndola ní oṣù Kẹsàn-án 1961, nígbà tí ọ̀rọ̀ Katanga gbóná. Ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohun tó sọ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àrùn éèdì, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

*

Lórí ìgbésùnmọ̀mí nílẹ̀ wa, Daughters of Chibok tí Joel Kachi Benson ṣe ló mú mi lọ́kàn jù. Ó gba ẹ̀bùn ní Venice ní 2019. Àwọn ìyá ló ń sọ̀rọ̀, kò sí ìbọn. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ ní oṣù Kẹrin 2014, ìyá kan ṣoṣo tó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀, tó ń ká a padà, sì fún ni lóye ọ̀rọ̀ náà ju ìròyìn ọdún mẹ́wàá lọ.

BBC wá lọ bá àwọn agbébọn Zamfara fúnra wọn ní 2022, Trust TV náà ṣe tiwọn. Àjọ NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé Trust TV àti àwọn tó gbé ti BBC sáfẹ́fẹ́. Ó dun àwọn aláṣẹ pé agbébọn rí ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn agbébọn kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn lọ l'Ẹ́múré. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn. Àwọn ọmọ náà padà wálé ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Ṣé àìrí ojú agbébọn lórí tẹlifíṣọ̀n ló máa dáàbò bò wá?

*

Adó náà ti ní téèpù tirẹ̀. Kápútéènì Sagir Koli, sójà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn òṣèlú àti ọ̀gá ológun kan sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí, kí ìdìbò gómìnà oṣù Kẹfà 2014 tó wáyé. Téèpù náà jáde ní oṣù Kejì 2015. Àwọn kan lára wọn ní ayédèrú ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó máa ṣọ́ ará ìlú ló yí padà tó ń ṣọ́ ọ̀gá rẹ̀. Fíìmù gidi wà nínú ìyẹn, bí ẹnì kan bá láyà.

*

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí bàtálíọ̀nù kẹrin lọ sí Kóńgò ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Bí ẹ bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, n'Ífàkì tàbí n'Íkẹ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fóònù yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ìlú tí wọ́n dúró sí, orúkọ ọ̀gá wọn, ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Lumumba. Ẹ má já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí ìwé ìfẹ̀yìntì tàbí fọ́tò bá wà nínú àpótí wọn, ẹ yà á tojú tẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ ẹbí tó wà nílùú mìíràn.