Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà, láti Ìbàdàn dé Òkè Ìtasẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, mo di alásè. Ìrìn àjò ọdún Ifá tí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nínú oṣù Kẹfà ló bí i.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ: èmi, ọmọ awo mi tó ń wa mọ́tò, àti ẹ̀gbọ́n mi kan nínú awo. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n á ka ìwé yìí. Ìyàwó wọn papòdà ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì àti tíì ni oúnjẹ wọn, láàárọ̀, lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọmọ wọn pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò lọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi yà síbẹ̀. Mo ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀, irọ́ ni. Nínú ilé yẹn ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, ojú mi ò sì gbà á láti wọ ilé ìdáná tí ohùn ìyá yẹn kò sí mọ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sóhun tó burú, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n.

Ọ̀fọ̀ nìkan kọ́ ló fà á tí wọn ò fi jẹun. Ilá ni èèwọ̀ wọn, láti ìkọ́sẹ̀dáyé ni Ifá ti kà á léèwọ̀ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí kò le nínú ilé, ẹ ò kàn ní í sè é ni. Ìta ló ti le. Olóúnjẹ ní ìkòkò ewédú, ó ní ti gbẹ̀gìrì, ó ní ti ilá, ìgbakọ kan ṣoṣo ló sì ń ti inú ọ̀kan bọ inú èkejì. Á ní òun ò bu ilá fún yín, àmọ́ ìgbakọ ti dé inú ilá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyá náà ló bá wọn ṣọ́ ìyẹn fún ọdún méjìdínlógójì. Bí wọ́n bá ń lọ òde àríyá, abọ́ tiwọn á wà nínú àpò ìyàwó wọn.

Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Ìbàdàn. Ní Aṣéjíre, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun fún omi tí Ìbàdàn ń mu, àwọn obìnrin ń gbé ẹja díndín sáré tẹ̀lé mọ́tò. Ọmọ awo mi ra mẹ́rin. Ó gbóná, ó gbẹ dáadáa, egungun rẹ̀ pàápàá ṣeé rún. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti mu tíì. Wọ́n kọjú sí fèrèsé títí a fi jẹ ẹ́ tán. Ẹja náà ò lọ lọ́fun mi. A kọjá Ìkirè, a kọjá Gbọ̀ngán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Òkè Ìtasẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, awo ilé, awo oko, àti àwọn tó gun bàálù wá. Obìnrin kan láti Bahia ní Brazil jókòó tì wá, ọmọkùnrin kan ń bá a túmọ̀. Wọ́n gbé àkàrà gbígbóná dé. Ó mú ọ̀kan, ó ní "acarajé" ni àwọn ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹ tún un pè wò: àkàrà, jẹ. Ó ní Ọya ló ni ín, Iansã ni wọ́n ń pe Ọya. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki edé gbígbẹ sínú rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n bí ọ̀lẹ̀ wa ń jẹ́ abará. Ìjọba wọn ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta àkàrà yìí sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ ní 2005. Ọdún yẹn náà ni UNESCO kéde Ifá fún aráyé.

Ẹ̀gbọ́n mi na etí. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan. Wọ́n wá bèèrè pé kí ni wọ́n tún ń kì sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ní caruru. Kí ni caruru? Ilá ni! Ẹ̀gbọ́n yára fa ọwọ́ padà, bẹ́ẹ̀ àkàrà Ifẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú wọn, ilá kankan ò sí nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọn ò jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sán, ebi ń pa mí. Mo mú wọn lọ sí bùkà kan nínú ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń gún iyán lójú ẹni. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń fi ẹ̀rọ gún tiwọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.) Mo lọ bá olóúnjẹ, mo sọ ọ̀rọ̀ ilá sí i létí. Mo rò pé á bínú.

"Ẹ ò bá ti tètè sọ, Bàbá," ló wí. "Ọkọ tèmi náà, ọ̀kẹ́tẹ́ ni tiẹ̀."

Ó fọ ìkòkò kékeré kan, ó yọ ìgbakọ tuntun nínú àpò, ó dáná ẹ̀fọ́ rírò lákọ̀tun. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n lọ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ìyàwó mi a máa fi irú wooro sí i." Obìnrin náà ní òun ní irú wooro.

Wọ́n jẹ òkèlè márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ní ìkẹfà, wọ́n ní iyán náà ní kókó. Inú mi dùn ju kí wọ́n yìn ín lọ, torí báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bú iyán nílé láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un.

Nígbà tí à ń bọ̀, wọ́n ní ká dúró ní Ìkirè. Ẹ mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Wọ́n ra ìdì méjì. Wọ́n ní, "Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan..." Wọn ò parí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba ọ̀nà yẹn ni wọ́n máa ń ra ọ̀kan fún un. Ọmọ awo mi pa rédíò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tú ìdì kejì, wọ́n nà án sí mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Ìbàdàn, epo kún ọwọ́ wa.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ mìíràn, wọ́n ń bọ̀ wá jẹ àmàlà nílé mi. Ìyàwó mi ti ra ìkòkò kan àti ìgbakọ kan, ó so òwú funfun mọ́ etí ìkòkò náà. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: ẹni tó bá bu ilá sí i, èmi àti olúwa rẹ̀ ni.